Ọjọ́ Kẹta Nínú Yàrá Inú

Orúkọ wa kì í sí lára ìgò. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ sọ nìyẹn bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé irú iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe. Ilé iṣẹ́ mìíràn ló ni oògùn. Àwa là ń bá wọn rọ ọ́ sínú ìgò, à ń dí i lẹ́nu, à ń lẹ bébà tí orúkọ tiwọn wà lára rẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n á sì wá fi ọkọ̀ tútù kó o lọ. Bí télọ̀ tó ń ránṣọ fún oníṣọ́ọ̀bù ni. Bí aṣọ bá wuyì, oníṣọ́ọ̀bù ni wọ́n á kí. Bó bá ya, wọ́n á wá télọ̀ kàn.

Abẹ́rẹ́ tí à ń rọ ní apá ọ̀dọ̀ tèmi ni èyí tí wọ́n ń gún fún obìnrin tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kí ẹ̀jẹ̀ má baà máa ya lára rẹ̀. Oògùn náà kò fẹ́ ooru rárá. Ká ní ó gba ooru ni, a ó kàn rọ ọ́ tán, a ó sè é tìgò-tìgò, gbogbo kòkòrò tó bá wà níbẹ̀ á kú, oníkálukú á gba ilé rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí ooru bá kàn án, agbára rẹ̀ á lọ, omi lásán ni nọ́ọ̀sì á máa gún fún ìyá ọmọ. Nítorí náà, kò sí àtúnṣe lẹ́yìn tí a bá ti rọ ọ́. Bó ṣe mọ́ tó nígbà tó ń wọnú ìgò, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe wọnú ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn. Àwa èèyàn tó sì wà nínú yàrá náà ni ìdọ̀tí tó tóbi jù níbẹ̀.

Yàrá inú la máa ń pè é. Kí èèyàn tó dé ibẹ̀, yóò la yàrá mẹ́ta kọjá, yóò sì pààrọ̀ aṣọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí pọ́dà, kò sí ìpara, kò sí èékánná kíkùn. Tó bá fi máa wọlé, ojú nìkan ló kù síta, wọ́n á tún fi gíláàsì bo ìyẹn náà. A kì í sáré níbẹ̀. A kì í sọ̀rọ̀ àyàfi tó bá di dandan. A kì í na ọwọ́ kọjá lórí ìgò tó bá ṣí sílẹ̀. Bí èèyàn bá sín, tàbí tí ìbòmú rẹ̀ bá rin, yóò gbé ọwọ́ sókè, yóò jáde, iṣẹ́ á sì dúró. Èmi tí mo máa ń fi ọwọ́ méjèèjì sọ̀rọ̀ láti kékeré, tí inú mi sì máa ń tètè ru, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí èèyàn ṣe ń dúró bí òpó iná. Mo kọ́ ọ títí mo fi mọ̀ ọ́n ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìyá mi ka iṣẹ́ náà sí ẹ̀yà ìsìn kan. Okokomaiko ni wọ́n ń gbé pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, nínú ilé onírúúmù méjì tí a ti ń háyà láti ìgbà tí bàbá wa ti wà láyé. Èmi ní tèmi háyà yàrá kan ní Ẹ̀sítéètì Ìbà. Ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni ìyá mi, sùtánà ni wọ́n sì ń rán, fún ìjọ tiwọn àti fún ìjọ mẹ́ta mìíràn ní àdúgbò. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fi fọ́tò tí ilé iṣẹ́ yà fún wa hàn wọ́n, èmi nínú aṣọ yàrá inú láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi dé ojú wọn.

"Ìwọ náà ti di aláṣọ funfun," ni wọ́n wí. "Bàtà ló kù kí o bọ́."

Wọ́n wá fẹ́ mọ irú aṣọ tó jẹ́. Mo ní aṣọ tí kì í yọ òwú ni. Wọ́n ní irọ́ ni, pé àwọn ti ń ránṣọ kí wọ́n tó bí mi, àwọn ò rí aṣọ tí kì í yọ òwú rí, pé ẹni tó tà á fún àwọn ọ̀gá mi ti rẹ́ wọn jẹ. A jọ jà lé e lórí títí oúnjẹ fi tutù.

Ní oṣù tí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, ilé iṣẹ́ oògùn ńlá kan fẹ́ gbé iṣẹ́ tuntun fún wa. Kí wọ́n tó buwọ́ lùwé, wọ́n fẹ́ fojú ara wọn rí i pé ọwọ́ wa mọ́. Bí wọ́n ṣe ń dán irú ìyẹn wò ni pé a kò ní fi oògùn sínú ẹ̀rọ rárá. Omi oúnjẹ kòkòrò la máa fi sí i, omi kan tó pọ́n díẹ̀ bíi tíì tí kò le, tí kòkòrò àìfojúrí fẹ́ràn bí eèrà ṣe fẹ́ràn ṣúgà. A ó rọ ọ́ sínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgò bí ẹni pé oògùn ni, a ó wá kó àwọn ìgò náà sínú yàrá tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ọjọ́ mẹ́rìnlá. Bí kòkòrò kan péré bá jábọ́ láti ara ẹnikẹ́ni nínú wa, yóò jẹun, yóò bímọ, yóò bí ọmọ-ọmọ, omi inú ìgò náà á sì dàrú bí omi ògì. Ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la ó ṣe é, àwọn èèyàn kan náà ni yóò sì wà nínú yàrá lọ́jọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ẹnì kan bá yẹ̀, a ó tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n so rọ́bà mọ́ àwọn abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ní òwúrọ̀. Ọwọ́ la fi ń ṣe é, òun ló sì léwu jù, nítorí ibẹ̀ ni ọwọ́ èèyàn ti súnmọ́ ọ̀nà oògùn jù lọ. Àwa méjì péré la mọ̀ ọ́n ṣe, ẹnì kejì sì ti lọ bímọ. Ọ̀gá wa, apòògùn obìnrin kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, kó gbogbo wa jọ ní ọjọ́ Mọ́ńdè.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣàìsàn lọ́sẹ̀ yìí," ni wọ́n wí. "Ẹni tó bá fẹ́ ṣàìsàn, kó sún un sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà yé wa. Bí iṣẹ́ tuntun kò bá wọlé, ìdajì wa ni yóò máa lọ sílé, a sì ti mọ àwọn tí yóò kọ́kọ́ lọ. Ọjọ́ kìíní lọ dáadáa. Ọjọ́ kejì náà lọ dáadáa.

Mo ní láti sọ bí bàbá mi ṣe kú kí n tó tẹ̀síwájú, nítorí bí n kò bá sọ ọ́, ohun tí mo ṣe kò ní yé ẹnikẹ́ni. Nígbà náà, mò ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Iyana-Iba, níbi tí a ti ń tẹ ìwé àṣekágbá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi wá bá mi níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó ní Bàbá kò gbádùn, pé wọ́n ti gbé wọn lọ sí ọsibítù, kí n máa bọ̀. Ó ra búrẹ́dì àti mínírà fún mi. Ó ní a kò ní gbéra àfi tí mo bá jẹ ẹ́ tán. Mo jẹ ẹ́. Mo tilẹ̀ ń sọ fún un nínú kẹ̀kẹ́ pé kí a ra ọsàn fún Bàbá, pé wọ́n fẹ́ràn ọsàn. Ìgbà tí a yà sí àdúgbò wa ni mo rí àga tí wọ́n tò síta, àti àwọn obìnrin mẹ́rin tí wọ́n dìde lẹ́ẹ̀kan náà láti dì mí mú. Bàbá ti kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Èmi tí mò ń jẹ búrẹ́dì nìkan ni mi ò mọ̀.

Bí wọ́n ṣe ń túfọ̀ fún ọmọ olóòkú nílẹ̀ wa nìyẹn, mo mọ̀ pé kì í ṣe ìkà. A kì í já irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lu èèyàn lójú ọ̀nà. A ó ní ara wọn kò yá, a ó rí i dájú pé ọmọ náà ti fi nǹkan sẹ́nu, nítorí a mọ̀ pé kò ní jẹun mọ́, a ó sì mú un délé síbi tí èèyàn wà. Bí wọ́n bá rán mi sí ẹlòmíràn lónìí, bí èmi náà ṣe máa ṣe é nìyẹn. Síbẹ̀, búrẹ́dì yẹn bí mi nínú fún ọdún púpọ̀. Mo bura pé láyé mi, ẹnikẹ́ni kò ní tàn mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá.

Ọjọ́ kẹta ìdánwò wa bọ́ sí Ọjọ́bọ̀. Bọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ gbé wa ní Iyana-Iba ní agogo mẹ́fà, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Agogo méje kò tíì lù tí mo fi wà ní yàrá àkọ́kọ́, tí mo ti bọ́ yẹtí, tí mo sì fẹ́ fi fóònù sínú lọ́kà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Kì í pè mí láàárọ̀.

"Àbúrò, ibo lo wà?"

"Ibi iṣẹ́. A fẹ́ wọlé báyìí."

"Mọ́mì ò gbádùn. Wọn ò lè mí dáadáa. A ti gbé wọn dé ọsibítù tó wà lẹ́bàá ilé wa yìí. Máa bọ̀."

"Ẹ fún wọn ní fóònù kí n gbọ́ ohùn wọn."

"Wọn ò lè sọ̀rọ̀ báyìí, wọ́n fi nǹkan sí wọn nímú. Ṣáà máa bọ̀. Rọra o. Ṣé o ti jẹun?"

Mo ní mo ti jẹun. Mo fi fóònù sínú lọ́kà, mo tì í pa.

Mo ti mọ̀ pé ìyá mi ti kú. Kò ṣe mí bí ẹni pé mò ń méfò. Ohùn kan náà ni, ọ̀rọ̀ kan náà, oúnjẹ kan náà. Mo dúró síwájú lọ́kà náà, mò ń retí kí nǹkan kan ṣẹlẹ̀ lára mi, kí ẹsẹ̀ mi yẹ̀, kí n pariwo. Kò sí nǹkan kan. Àyà mi pa lọ́lọ́. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn, mo ń sọ ọ́ bó ṣe rí ni, ni pé ẹni tó ti kú kò ní ìkánjú mọ́. Bí mo bá jáde lọ nísinsìnyí, wọ́n ti kú. Bí mo bá jáde ní agogo kan ọ̀sán, wọ́n ṣì ti kú. Àwọn àga yóò ṣì wà níta, wọn yóò ṣì dì mí mú, màá wá sunkún. Ṣùgbọ́n bí mo bá lọ nísinsìnyí, ọjọ́ mẹ́ta ti ṣòfò nìyẹn, àwọn àlejò méjì tó wá láti ilé iṣẹ́ olóògùn á ti ìwé wọn, wọ́n á lọ bá ẹlòmíràn. Mo tún rò ó pé ọgbọ́n tèmi ti ju tiwọn lọ lọ́tẹ̀ yìí. Inú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn sí i.

Fọ́ọ̀mù kan wà tí a máa ń buwọ́ lù kí a tó wọlé. Ṣé o ní ikọ́? Ṣé o ní ọgbẹ́? Ṣé inú ń run ọ́? Ṣé o ní kátà? Kò sí ibi tí wọ́n ti béèrè pé ṣé ìyá rẹ kú láàárọ̀ yìí. Mo kọ rárá, rárá, rárá, rárá, mo buwọ́ lù ú. Ọ̀gá wa gba fọ́ọ̀mù náà lọ́wọ́ mi, wọ́n wo ojú mi.

"Ṣé kò sí nǹkan kan o?"

"Kò sí, mà."

Mo so rọ́bà mọ́ àwọn abẹ́rẹ́ náà. Ọwọ́ mi kò gbọ̀n. Mo ti rí àwọn tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n nítorí pé àlejò ń wò wọ́n láti ẹ̀yìn gíláàsì, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ó dà bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni mo yá lò. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, ìgò bẹ̀rẹ̀ sí í tò kọjá, omi oúnjẹ kòkòrò ń já sínú wọn lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Mo dúró síbi tí wọ́n ní kí n dúró sí, mo fi ọwọ́ sí àyà bí wọ́n ṣe kọ́ wa.

Nǹkan bí agogo mẹ́wàá ni omi fẹ́ dé ojú mi. Mo mọ̀ ọ́n lára bó ṣe ń bọ̀. Bí ẹ̀kán kan bá bọ́ sórí ìbòmú mi, yóò rin, màá sì ní láti gbé ọwọ́ sókè. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìgò. Mo kà á dé ọgọ́rùn-ún, mo tún bẹ̀rẹ̀. Mo kà á títí omi náà fi padà síbi tó ti ń bọ̀. Láti ọjọ́ náà, kò tíì wá mọ́.

Lẹ́yìn náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ètò ìsìnkú. Mo mọ sùtánà tí wọ́n á wọ̀ fún wọn, èyí tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn rán, tó wà nísàlẹ̀ àpótí. Mo ro ẹni tí yóò lọ sọ fún àbúrò wọn obìnrin ní ilẹ̀ Yewa, mo ro ohun tí àbúrò náà yóò torí ẹ̀ bínú, nítorí yóò bínú ṣáá. Mo ro iye àga tí a máa háyà. Mo pín oúnjẹ, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará ìjọ. Kí ìgò ìkẹyìn tó kọjá, mo ti sin ìyá mi tán, mo sì ti kí àlejò lọ sílé.

A jáde ní agogo kan ó lé díẹ̀. A tẹ ìka wa mọ́ àwọn àwo pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wá kòkòrò lọ́wọ́ wa, a bọ́ aṣọ. Ọ̀gá wa, tí kì í fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni, fọwọ́ tọ́ mi léjìká, wọ́n ní mo ṣe é dáadáa.

Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni ó nira fún mi jù láti kọ sílẹ̀. Mo lọ jẹun. Mo rò ó pé bí mo bá délé, kò ní sáyè oúnjẹ títí alẹ́, àti pé lọ́tẹ̀ yìí, èmi fúnra mi ni màá bọ́ ara mi, wọn ò ní fi búrẹ́dì tàn mí. Mo ra ìrẹsì àti ẹ̀wà ní ilé oúnjẹ àwọn òṣìṣẹ́, mo fi ẹran sí i, mo jókòó, mo jẹ ẹ́ tán. Fóònù mi ń gbọ̀n nínú báàgì. N kò wò ó. Mo ní àwọn tó ń bá mi kẹ́dùn ni, kí wọ́n ṣe sùúrù.

Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Okokomaiko. Nígbà tí a fẹ́ yà sí àdúgbò wa, mo tún gèlè mi wé kó má baà tú bí wọ́n bá dì mí mú. Mo mú ara mi gírí.

Kò sí àga níta. Ojú ilé wa ṣófo, adìẹ méjì ló ń jẹ̀ níbẹ̀. Àgádágodo wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo yọjú láti ojú fèrèsé, mo rí ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi, aṣọ funfun ṣì wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀, wọ́n rán an dé ìdajì apá. Mo dúró níbẹ̀ bí ẹni tó ṣi ilé. Obìnrin tó ń gbé ilé kejì jáde láti wá sá aṣọ, ó sì sọ aṣọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀ nígbà tó rí mi.

"Ha! Ẹ ò tíì dé ọ̀hún ni? Ẹ̀gbọ́n yín ti ń pè yín látàárọ̀. Màmá ń béèrè yín."

"Màmá wo?"

"Màmá wo kẹ̀? Màmá yín náà ni! Ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ tibẹ̀ dé. Ó ní wọ́n la ojú, wọ́n ń béèrè yín ṣáá."

Mo mú fóònù jáde. Ìpè ẹ̀gbọ́n mi kún ojú rẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn wọlé nígbà tí mò ń jẹ ẹran.

Ọlọ́kadà gbé mi dé ọsibítù náà kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó lórí búlọ́ọ̀kù lẹ́bàá géètì, bàtà Mọ́mì wà nínú nọ́ílọ̀n lórí itan rẹ̀. Kò dìde. Kò fi ọ̀rọ̀ bò ó.

"Wọ́n ti lọ," ló wí. "Kò tíì tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú."

Ìjọ sin wọ́n bó ṣe yẹ, wọ́n wọ sùtánà tí mo ti rò. Àwọn èèyàn sunkún. Èmi kò sunkún. Obìnrin kan nínú ìjọ tilẹ̀ sọ ọ́ sí mi létí pé ojú mi gbẹ o, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wòlíì wọn ní àìsàn ló ṣeé wò, kò sẹ́ni tó rí ti ọlọ́jọ́ ṣe. Gbogbo èèyàn ṣe àmín. Àbúrò ìyá mi bínú lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí mo rò ló torí ẹ̀ bínú. Ilé iṣẹ́ wa ló ń ṣépè fún.

"Iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe tí wọn ò lè jẹ́ kí ọmọ wá wo ìyá rẹ̀? Kò ní dáa fún wọn!"

Ẹ̀gbọ́n mi ló ń sọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀. Ó ti gbọ́ lẹ́nu mi rí pé bí a bá ti wọ yàrá inú, a kì í gba ìpè, a kì í jáde bó bá ṣe wù wá. Ó rò pé ọ̀gá wa ló kọ̀ fún mi lẹ́yìn tó pè mí, pé wọ́n tì mí mọ́bẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè mi, yóò tètè dáhùn kí n tó la ẹnu: "Kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀. Wọn ò jẹ́ kó jáde." Ó ń gbèjà mi. Mo jókòó, mo jẹ́ kó máa gbèjà mi. Bí n kò tilẹ̀ mọ nǹkan kan lára nígbà náà, mo mọ̀ pé olè ni mo jẹ́.

Ọjọ́ mẹ́rìnlá pé. Wọ́n kó àwọn ìgò náà jáde, a jókòó láti yẹ̀ wọ́n wò lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan níwájú iná, pẹ̀lú pátákó dúdú àti funfun lẹ́yìn ìgò. Kò sí èyí tó dàrú. Gbogbo rẹ̀ mọ́ gaara, ti ọjọ́ kìíní, ti ọjọ́ kejì, ti ọjọ́ kẹta. Àwọn kan pàtẹ́wọ́, ẹnì kan kọrin ọpẹ́, wọ́n pín mọ́ọ̀tì fún wa. Iṣẹ́ tuntun wọlé. Ọ̀gá wa pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n ní àwọn gbọ́ pé ìyá mi kú, pé ọjọ́ wo gan-an ni. Mo sọ fún wọn. Mo sọ bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe pè mí pẹ̀lú.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Kí lẹ bá ṣe, mà?"

"Ǹ bá ní kí o máa lọ." Wọn kò ṣẹ́jú. "Omi la rọ sínú ìgò yẹn. Omi ṣì wà. À bá tún un ṣe ní ọ̀sẹ̀ kejì ni."

Mo fẹ́ kí ó jẹ́ irọ́. Mo wo ojú wọn bóyá màá rí i níbẹ̀. Obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò ni, òótọ́ ló sọ, mọ́ọ̀tì ọwọ́ mi sì ti lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi ní Okokomaiko láti palẹ̀ ẹrù Mọ́mì mọ́. Ó ti to aṣọ tí wọn kò tíì rán sórí ibùsùn, ó ń ká a kí ó lè dá a padà fún àwọn tó ni ín. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bí a bá ní ká dákẹ́, tara ẹni á bá ni dákẹ́, mo sì ti dákẹ́ tó.

"Bọ̀ọ̀dá, kò sẹ́ni tó tì mí mọ́lé."

Ó ń ká aṣọ lọ.

"Kí n tó wọlé lẹ pè mí. Mi ò tíì wọ aṣọ. Mo lè máa bọ̀ nígbà yẹn. Mo rò pé Mọ́mì ti kú ni, pé ẹ kàn ń tàn mí bí ẹ ṣe tàn mí nígbà ti Bàbá. Mo wá ṣe iṣẹ́ mi tán. Mo tún jẹun."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Mo ń retí kó gbá mi létí. Ká sọ òótọ́, mo fẹ́ bẹ́ẹ̀, bóyá yóò dùn mí. Ó jókòó sórí àga tí Mọ́mì máa ń jókòó sí ránṣọ, ó gbé aṣọ funfun náà lé itan, ó sì ń wo ilẹ̀.

"Bí ilẹ̀kùn bá ti dún, wọ́n á la ojú," ló wí. "Wọ́n á bi mí pé ṣé ìwọ ni. Mo ní o ti wà lọ́nà. Nígbà tó pẹ́, mo ní o ti dé Iyana-Iba. Nígbà tó tún pẹ́, tí mi ò mọ ohun tí mo lè sọ mọ́, mo ní o ti wọnú ọgbà, ò ń wá ṣéńjì fún ọlọ́kadà. Wọ́n wá ń wo ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn yẹn ni wọ́n ń wò lọ."

Ó gbé ojú sókè wò mí.

"Mọ́mì ni mo tàn. Ìwọ, òótọ́ ni mo sọ fún ẹ."